Omi Àìfọhùn

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Agége á máa rò pé òun mọ Agége. Ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Búrẹ́dì ló mọ̀. Ẹ bi í léèrè ibi tí àwọn tó tẹ àdúgbò rẹ̀ dó ti kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, kíá lá bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Àìmọ̀ yẹn ni Mùínàt sọ di iṣẹ́. Láràárọ̀ Sátidé, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á kó àwọn àlejò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, á mú wọn gba iwájú ilé búrẹ́dì, á mú wọn dé mọ́ṣáláṣí àtijọ́, á sì kó wọn wọ agbo-ilé Olódò, níbi tí ojúbọ àwọn baba ńlá rẹ̀ wà. Bí wọ́n ṣe ń rìn ni ẹnu rẹ̀ á máa lọ. Kó tó di afinimọ̀nà, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ sì máa ń sọ pé bí jẹnẹrétọ̀ bá lè máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu Mùínàt ṣiṣẹ́, àwọn ò ní ra epo mọ́ láyé.

Obìnrin tó ń fi ẹnu jẹun yìí gan-an ni Ọlọ́run wá dán wò lọ́jọ́ tí à ń wí yìí.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ojúbọ Olódò, ìkòkò amọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Ojoojúmọ́ ni obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ilé gbọ́dọ̀ pọn omi nínú kànga ìdílé, kó rù ú wá, kó sì dà á sínú ìkòkò yẹn kí oòrùn tó kan ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà tó bá ti fa omi jáde nínú kànga títí omi á fi wọ ìkòkò, kò gbọdọ̀ bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀. Omi àìfọhùn nìyẹn. Nígbà tí baba wọn àgbà ń pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó pín gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ilé òrìṣà. Ó ní, "Ibí yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pín in, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á. Àárọ̀ tí ìkòkò yìí ò bá rí omi, kí ẹ ṣe é bó ṣe wù yín." Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló jẹ obì lé ọ̀rọ̀ yìí lórí.

Wàyí o, ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn odi wọn ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí, ojú wọn sì ti wọ ilé òrìṣà. Alàájì Tìjání, àbúrò baba Mùínàt, tó jẹ́ olórí ẹbí, fẹ́ kí wọ́n tà á. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Lójú tirẹ̀, ilé tí wọ́n ń pọnmi fún nígbà tí àwọn ọmọ ilé ń háyà yàrá kiri Abúlé Ẹ̀gbá, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n ó ti jẹ obì baba rẹ̀, kò sì lè bì í. "Bí ìkòkò bá gbẹ," ló máa ń wí, "ọwọ́ mi mọ́." Afeez ọmọ rẹ̀, tó ń bá àwọn èèyàn ta ilẹ̀, kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Òun ti fi ojú wọn ibẹ̀ tán, ó ku kó fi okùn wọ̀n ọ́n.

Mùínàt ní tirẹ̀ ti fi àáké kọ́rí. Ilé yìí ò ní lọ lójú òun.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, ó ti kí ìrun àṣùbáà tán, ó ti wọ híjáàbù rẹ̀, ó sì ń lọ pàdé àwọn àlejò, ló bá ní kóun yà kí Ìyá Olómi ná. Ẹ̀gbọ́n Alàájì Tìjání ni Ìyá Olómi, òun náà ló sì ti ń pọn omi àìfọhùn látìgbà tí Mùínàt ti ń rá kòrò. Yàrá rẹ̀ fara ti ojúbọ. Mùínàt bá a lórí ẹní, orù omi rẹ̀ dúró gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Háà, Ìyá, ẹ ò tíì lọ?"

"Mo dìde, ẹsẹ̀ ò gbé mi. Mo tún dìde, òòyì kọ́ mi." Ìyá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mùínàt, wàá bá mi lọ."

"Èmi kẹ̀? Ìyá, ẹ jẹ́ ká wá dókítà ná."

"Oòrùn kì í dúró de dókítà."

Mùínàt wo ìta. Ojú ọ̀run ti ń funfun. Ó ronú àwọn obìnrin ilé yòókù. Ọ̀kan ti di ìyá ìjọ, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Olódò létí. Èkejì ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá, kó tó délé oòrùn á ti gun orí òrùlé. Kò sí ẹlòmíì.

"Ìyá, mùsùlùmí ni mí o," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ta ló ní kó o má ṣe mùsùlùmí? Ṣé mo ní kó o forí balẹ̀ fún nǹkan kan ni? Baba ẹ náà kírun títí tó fi kú, omi yìí la sì fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Omi ni mo ní kó o pọn." Ìyá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú ewé akòko kan jáde. "Bí orù bá ti wà lórí ẹ, fi ètè di èyí mú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, á fi ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ìwọ ni kó o fi í sílẹ̀." Ó di ọwọ́ Mùínàt mú pinpin. "Má jẹ́ kó jẹ́ àsìkò tèmi ló máa bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mùínàt lákínyẹmí ara. Ó gba ewé, ó gbé orù, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Alàájì Tìjání. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó ti Ìyá, kí ẹ sì bá wa pe nọ́ọ̀sì. Ara wọn ò yá. Èmi ni mò ń lọ pọnmi."

Alàájì ò bá a jiyàn. Ó wọ bàtà, ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Afeez wà nínú yàrá kejì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí Mùínàt tó yí ẹ̀yìn padà, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ló wá kù. Bùsáyọ̀ ló ń kó wọn wá. Ọmọ Èkìtì kan ni, tó ń gbé ní Ìkẹjà, tó ń bá àwọn tó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì ṣètò ìrìn-àjò, tí kì í sì í fẹ́ kí nǹkan yí kúrò bó ṣe ṣètò rẹ̀. Mùínàt pè é, kò gbé e. Ó tún un pè, pàbó. Ló bá gba ohùn sórí Wasáàpù, ó fi ránṣẹ́ sí i bó ṣe ń sáré lọ: "Bùsáyọ̀, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo máa gbé omi àìfọhùn láàárọ̀ yìí. N ò ní lè sọ̀rọ̀ rárá títí máa fi dé ojúbọ. Ẹ kàn máa tẹ̀ lé mi. Ìyókù, bí a bá délé, mo máa sọ ọ́ tán." Ó fi fóònù sínú àpò, ó sì gbàgbọ́ pé ìyẹn ti yanjú.

Ẹ̀bá ojú irin ni kànga Olódò wà, lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Mùínàt ju kẹ́ẹ̀gì sí kànga. Okùn mì, kẹ́ẹ̀gì kún, ó fà á jáde. Ó parí nìyẹn, ẹnu ti di títì. Ó da omi sínú orù, ó ká òṣùká, ó gbé orù ka orí, ó fi ètè di ewé mú. Bó ṣe yíjú báyìí, Bùsáyọ̀ àti àwọn àlejò rẹ̀ rèé, wọ́n dúró bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de tíṣà.

"Síṣítà Mùínàt, ẹ káàárọ̀ ma! A ti dé o! Ẹ̀yin èèyàn mi, afinimọ̀nà wa rèé, ẹni tí mo sọ fún yín pé ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ."

Mùínàt lajú sí i. Ó fi ọwọ́ kan tọ́ka sí ewé, ó fi tọ́ka sí fóònù ọwọ́ Bùsáyọ̀. Bùsáyọ̀ rò pé ó ń bèèrè fọ́tò, ló bá ya fọ́tò rẹ̀.

Kí lèèyàn á ti ṣe é? Mùínàt ṣíwájú, wọ́n tẹ̀ lé e. Ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Àwọn ọkùnrin tí ìyẹ̀fun ti sọ apá wọn di funfun ń fi pákó gígùn fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò, àwọn obìnrin ń tò ó sórí àtẹ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ ń ra tiwọn gbígbóná, wọ́n ń jẹ ẹ́ lórí ìrìn. Ibí yìí ni Mùínàt ti máa ń sọ ìtàn tó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Lónìí, ó dúró díẹ̀, ó nawọ́ sí ààrò, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àlejò wo ara wọn.

Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Afeez mọ Agége dáadáa, ó sì mọ ohun tó lè la ẹnu ọmọ Yorùbá. Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe èébú. Ìkíni ni. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kó dáhùn kí wọ́n tó kí i tán, báwo lá ṣe máa gbọ́ "ẹ kú oríire" kó má wí nǹkan? Ló bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá ṣáájú, tó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ìjọba ti gba Mùínàt síṣẹ́ ní Aláúsá, pé ó ń bọ̀ lọ́nà, kí wọ́n bá òun kí i tìlù-tìfọn.

Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé síbí sílẹ̀, ó nàró. "Mùínàt mi! Ẹ kú oríire o! Iṣẹ́ Aláúsá! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó bọ́ o!"

"Àmín" ti dé orí ahọ́n Mùínàt tán, ó ku kó bọ́ síta. Ó pa eyín pọ̀, ó sì rọra fi eékún kúnlẹ̀ díẹ̀, orù sì wà lórí rẹ̀, omi ta sí i lójú. Ó dìde, ó ń lọ.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Mùínàt, èmi lò ń kí bí odi? Tìtorí pé o ríṣẹ́ ìjọba?"

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di bí ẹni já sínú àgbọ́n. Àwọn ọkùnrin tó gbé báàgì kọ́rùn, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ lọ sí Computer Village, pariwo: "Madam Aláúsá! Ẹ rántí wa o!" Télọ̀ kan jáde, ó dọ̀bálẹ̀ lójú títì. Ìyá ẹlẹ́kọ ní kí Mùínàt bá ọmọ òun wáṣẹ́. Bó ṣe ń kọjá láìfèsì, bẹ́ẹ̀ ni oríyìn ń di ẹ̀gún lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wo ìgbéraga!" "Àná yìí ló ra àkàrà àwìn o!" "Ṣìọ̀! Tó bá wá di gómìnà ńkọ́?" Ojú ti Mùínàt débi pé òógùn bò ó. Àwọn tó ń bú u yìí ni wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ilé wọn ló ń kó àlejò wọ̀. Ó ń dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ojú tó fi wo òkè, ó rí oòrùn tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri gíga ilé iṣẹ́ yẹn. Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Kí wọ́n máa bú òun. Omi á dé.

Iwájú mọ́ṣáláṣí ni Bùsáyọ̀ ti bú gbàmù. Obìnrin kan nínú àwọn àlejò, Olúfọlákẹ́, tó ti Amẹ́ríkà wá wo ilé baba rẹ̀, ti bi Mùínàt ní ìbéèrè títí, kò rí èsì. Bùsáyọ̀ sáré bọ́ síwájú.

"Síṣítà, kí lẹ ń ṣe fún mi báyìí? Èèyàn gidi ni mo kó wá o! Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ pè mí sẹ́yìn kí ẹ bá mi wí. Tí ẹ ò bá ní sọ̀rọ̀, màá kó wọn padà sí Ìkẹjà nísinsìnyí, a ò sì ní jọ ṣe mọ́!"

Mùínàt yí i ká, ó ń lọ. Bùsáyọ̀ fa fóònù yọ pẹ̀lú ìbínú kó pe dírẹ́bà, ìgbà yẹn ló wá rí i pé Mùínàt ti fi ohùn ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù rẹ̀ sì pariwo ju rédíò lọ. Gbogbo òpópónà gbọ́ ọ: "Bùsáyọ̀, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo máa gbé omi àìfọhùn láàárọ̀ yìí..."

Ibi tí Afeez sá pamọ́ sí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ márúwá ló ti fò jáde. "Ohùn ẹ̀ rèé! Ó ti sọ̀rọ̀! Omi yẹn ti bàjẹ́, gbogbo yín ni ẹlẹ́rìí!"

Mùínàt dúró, kò mọ̀ bóyá òfin ti fọ́ tàbí kò fọ́. Ta ló máa ronú kan Wasáàpù láyé àwọn baba ńlá?

Bàbá Ládàánì, tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí yẹn, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní tirẹ̀, ó ń jẹ mọ́sà pẹ̀lú kókó. Arúgbó ni, ọmọ Agége pọ́ńbélé, ó sì ti rí ewé lẹ́nu Mùínàt látòkèèrè. Ó nu ọwọ́.

"Afeez, wá. Tí wọ́n bá gba ohùn mi sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n wá gbé e sí nígbà tí mo ń sùn lọ́wọ́, ṣé èmi ni mò ń pe ìrun?"

"Bàbá, ìyẹn ò jọ..."

"Mo ní ṣé èmi ni?"

"Rárá, sà."

"Ẹnu ọmọ yìí pa dé, ewé wà níbẹ̀, gbogbo wa ń wò ó. Ìgbà tí kò tíì kan omi ló ti sọ èyí tó wà nínú fóònù. Ta ló tilẹ̀ sọ fún yín pé ó ríṣẹ́ ní Aláúsá?" Ojú gbogbo wọn yí padà sọ́dọ̀ Afeez. Ìyá alákàrà tó ti tẹ̀ lé wọn láti wá jà káwọ́ lérí. "Ẹ yà fún un," ni Bàbá Ládàánì wí. "Tẹ́nìkan bá tún kí i, èmi àti ẹni náà ni."

Ni wọ́n bá yà fún un. Bùsáyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ bàtà gíga tó wọ̀, ó sì ń tẹ̀ lé Mùínàt láìwí nǹkan kan. Àwọn àlejò náà bọ́ bàtà tiwọn, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń gbọ́ ìgbálẹ̀ tó ń gbá ojúlé, wọ́n ń gbọ́ epo àkàrà, wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì nínú orù. Lẹ́yìn wọn, Bàbá Ládàánì mú ọ̀pá rẹ̀, òun náà ń bọ̀. Afeez nìkan ló sáré gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ ilé.

Nígbà tí Mùínàt dé ẹnu géètì agbo-ilé Olódò, oòrùn ti dé ìdajì àgbàlá. Alàájì Tìjání dúró síbẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afeez dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí gulegule.

"Mùínàt," ni Alàájì wí, "dúró. Sọ omi yẹn kalẹ̀, ọmọ mi. Àǹtí mi ti lọ. Ìyá Olómi ti kú."

Ìbínú tó gun Mùínàt lójú ẹsẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Háà! Àgbàlagbà! Ẹni tó ti dé Mẹ́kà! Torí ilẹ̀, ó fẹ́ fi ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dẹ páńpẹ́! Ó wo Afeez tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e, ó rò pé bàbá àti ọmọ ló jọ dì í. Ó ge ewé ẹnu rẹ̀ jẹ pẹ̀lú eyín, kíkorò rẹ̀ kún un lẹ́nu. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Alàájì kọjá, kò kúnlẹ̀, kò wo ẹ̀yìn.

"Mùínàt!" Ohùn Alàájì ya. "Mo ní ó ti kú!"

Ó wọ ojúbọ. Oòrùn ti súnmọ́ ẹnu ọ̀nà débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó sọ orù, ó da omi. Ìkòkò gbà á gbulugbulu títí dé ìsàlẹ̀ orù. Ó tu ewé sọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ níbẹ̀, ó sọ ọ́: "Ilé, omi rèé." Ayọ̀ gbá a mú. Ó ti ṣe é! Wọ́n kí i, kò dáhùn. Wọ́n bú u, kò dáhùn. Wọ́n tún parọ́ ikú, ó da omi síbi tó yẹ.

"Ìyá!" ló ké sí ìhà yàrá. "Ìyá, mo ti dé o! Omi ti wọlé!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Ìyá?"

Ló bá dìde. Yàrá ò jìnnà. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n pè ní àdúgbò ń ká nǹkan rẹ̀ sínú àpò, kò lè wo Mùínàt lójú. Ìyá Olómi wà lórí ẹní bó ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n ti bá a pa ojú dé, wọ́n sì ti na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ. Yéè! Igbe tó ti há sí Mùínàt lọ́fun láti àárọ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́ ọ dé ilé búrẹ́dì.

Ó sunkún títí. Nígbà tó jáde, Alàájì Tìjání ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ, fìlà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí," ni Mùínàt wí, ó kúnlẹ̀. "Mo rò pé irọ́ ni."

"Kí ló máa mú ọ rò pé èmi á fi ikú ẹ̀gbọ́n mi ṣeré?"

Bàbá Ládàánì ló dáhùn. Ó to gbogbo ohun tí Afeez ṣe lójú ọ̀nà fún Alàájì, kò fi ọ̀kan pamọ́. Afeez ń wo ilẹ̀.

Bùsáyọ̀ rọra súnmọ́ Mùínàt. "Síṣítà, ẹ jẹ́ ká máa lọ. A ó padà wá lọ́jọ́ mìíì."

Mùínàt fi ẹ̀gbẹ́ híjáàbù nu ojú. Ó wo àwọn àlejò tó dúró láìsí bàtà lẹ́sẹ̀ nínú àgbàlá. "Ẹ jókòó," ló wí. "Mo ṣèlérí pé bí a bá délé, mo máa sọ ọ́ tán."

Wọ́n jókòó sórí pèpéle. Ó dúró sáàárín yàrá ìyá àti ojúbọ, ó sì sọ ọ́. Ó sọ bí àwọn baba wọn ṣe rìn débẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kan. Ó sọ ti Ìyá Olómi: pé láàárọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, ó pọn omi kó tó wọ aṣọ ìyàwó, pé ọdún tí ilé iṣẹ́ gbẹ́ kòtò dí ọ̀nà kànga, ó ru omi gba inú ilé búrẹ́dì kọjá, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ń yà fún un, pé lọ́jọ́ tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú, ó pọn omi ná, ó dà á, ìgbà yẹn ló tó sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni Mùínàt ṣe sọ ìtàn náà tán. Olúfọlákẹ́ ti dorí kodò, ó ń sunkún.

Ìgbà náà ni Afeez rí àyè. Ẹ̀dá ò jẹ́ kọ́gbọ́n. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere," ló wí. "Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́. Ta ló máa pọn tọ̀la?"

"Èmi ni," ni Mùínàt wí.

"Títí di ìgbà wo? Ìwọ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lò ń tà jẹun?"

"Mo ní èmi ni."

"Bàbá, ẹ gbọ́ o. Tó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibi tá a wà náà la ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ báyìí."

Alàájì Tìjání ò gbé ojú sókè. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó dà bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, kò bèèrè oògùn. Ó ní, 'Tìjání, ṣé omi ti dé?' Mo ní kò tíì dé. Ó tún bi mí. Mo rí i pé kò ní lè dúró dè é. Mo ní, 'Àǹtí mi, omi ti dé, ó ti wà nínú ìkòkò.' Ó ní, 'Tọ̀la ńkọ́?' Mo ní, 'Tọ̀la náà á dé.' Ọwọ́ mi ló dì mú. Ìgbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ti lọ." Ó gbé ojú sókè wàyí, omi kún un. "Èmi tí mo ti ń retí kí ìkòkò gbẹ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún un. Mùínàt ló wá sọ ti òní di òótọ́. Afeez, tọ̀la lo wá fẹ́ fi sọ mí di òpùrọ́ lójú òkú ẹ̀gbọ́n mi?"

Alàájì ní kí Afeez lọ sí ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn odi, kó sọ fún wọn pé àwọn Olódò ò ní ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà. Ó lọ.

Alàájì bọ́ bàtà, ó wọlé lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mùínàt gbé orù tó ti ṣófo, ó ṣàn án, ó dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tètè kàn án bí ilẹ̀ ọ̀la bá fẹ́ mọ́, ó sì lọ bá wọn wá aṣọ funfun.